Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olórí láàbù àti ìgbìmọ̀ ìwádìí ilé-ìwòsàn ńlá: lórí kíìtì microRNA

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní láàbù, ẹ̀yin àgbà nínú ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí owó ìwádìí,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àmójútó. A ò ní fi ọ̀rọ̀ yí po. Àwọn aṣojú tó ń ta kíìtì ti ń kan ilẹ̀kùn ilé-ìwòsàn kiri, wọ́n ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti tó fún àwọn láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ló fara pamọ́ sẹ́yìn àrùn autoimmune tí aláìsàn gbé wá. MicroRNA inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn RNA kúkúrú tó ń darí iṣẹ́ jíìnì, ni wọ́n ní àwọn yóò kà. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ má tíì jẹ́ kí àbájáde irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ wọ fáìlì aláìsàn kankan. Owó tí ẹ bá fẹ́ ná, ẹ ná an sórí bí a ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ tí a sì ń ya plásímà (omi ẹ̀jẹ̀ tí kò ní sẹ́ẹ̀lì) sọ́tọ̀, kí ẹ sì ra àwọn àyẹ̀wò ántíbọ́dì (pùròtéènì tí ara fi ń kọlu ohun tó bá kà sí àjèjì) tí ìwúlò wọn ti hàn. Iṣẹ́ wa ni microRNA. Nítorí náà la ṣe mọ ibi tó ti ń já ènìyàn kulẹ̀.

Autoimmune ni a ń pe àrùn tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa ṣọ́ ara fi ń bá ara fúnra rẹ̀ jà. Nínú àwọn aláìsàn kan, jẹjẹrẹ ló dá ìjà náà sílẹ̀. Scleroderma, àrùn tó ń mú awọ le gbagidi, ni àpẹẹrẹ tó là á yéni jù. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà yẹ kókó jẹjẹrẹ àwọn aláìsàn scleroderma tó ní ántíbọ́dì sí RNA polymerase III, pùròtéènì kan tó ń bá sẹ́ẹ̀lì ṣe RNA, wò. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára wọn, jíìnì POLR3A, tó ń kọ apá kan pùròtéènì náà, ti yí padà. Ara rí ohun àjèjì nínú jẹjẹrẹ, ó gbógun tì í, ìjà sì ràn dé orí pùròtéènì tí kò yí padà rárá.

Àwọn mìíràn wà. Nínú 100 àgbàlagbà tó ní dermatomyositis, àrùn tó ń mú iṣan wú tó sì ń yọ sí awọ, bíi 15 sí 30 ló ní jẹjẹrẹ: ti ilé ẹyin, ti ẹ̀dọ̀fóró, ti ọmú, ti ìfun ńlá, ti agbẹ̀du. Ọdún kìíní lẹ́yìn tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀ ni ewu rẹ̀ ga jù. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán àwọn dókítà kéékèèké létí pé lára awọ dúdú, àmì ìpéǹpéjú àti ti oríkèé ìka kì í pupa bó ṣe wà nínú ìwé òyìnbó. Ó máa ń dúdú, ó máa ń ní àwọ̀ àlùkò, wọ́n sì máa ń pè é ní kúrùpá.) Nínú 100 ẹni tó ní myasthenia gravis, àrùn tó ń mú kí iṣan tètè rẹ̀, 10 sí 15 ló ní thymoma, kókó tó ń hù lára thymus lẹ́yìn igi àyà. Ìdajì àwọn tó ní Lambert-Eaton (àrùn mìíràn tó ń sọ iṣan di aláìlágbára), tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró oní-sẹ́ẹ̀lì kéékèèké. Bẹ́ẹ̀ sì ni nínú 100 ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ CLL, bíi 5 sí 10 ni ara wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa sẹ́ẹ̀lì pupa tàbí pílétílẹ́ẹ̀tì (tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) tiwọn.

Kí ni microRNA wá dé ibẹ̀ ṣe? RNA kúkúrú ni, bíi lẹ́tà 22 ni gígùn rẹ̀, kò sì kọ pùròtéènì kankan. Pùròtéènì Dicer ló ń gé e tán nínú sẹ́ẹ̀lì, pùròtéènì Argonaute sì ń gbé e dání. Lẹ́tà kejì títí dé ìkẹjọ rẹ̀ ló fi ń wá RNA tó bá a mu, tó bá sì ti rí i, iye pùròtéènì tí RNA yẹn yóò kọ á dínkù. Victor Ambros àti Gary Ruvkun rí àkọ́kọ́ rẹ̀ lára aràn kékeré C. elegans, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1993, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2024. MicroRNA kan lè bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún jíìnì ṣiṣẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, òun ló bí ìṣòro tí a ń bọ̀ wá sọ.

Ẹ̀rí pé microRNA wà níbi tí jẹjẹrẹ àti autoimmune ti pàdé kò ṣeé jiyàn lé lórí. Ẹ wo miR-146a (miR ni ìkékúrú microRNA, nọ́ńbà sì ni orúkọ rẹ̀). Nígbà tí NF-κB, pùròtéènì tó ń tan àwọn jíìnì ìjà, bá gbé ìjà dìde nínú sẹ́ẹ̀lì, òun náà ló ń pe miR-146a jáde, tí ìyẹn sì ń dín TRAF6 àti IRAK1, pùròtéènì méjì tó ń ta NF-κB jí, kù kí ìjà má bàa kọjá ààlà. Bíi bíréèkì ni. Eku tí wọ́n yọ jíìnì rẹ̀ kúrò kọ́kọ́ ní àrùn autoimmune, nígbà tó sì dàgbà, jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tún yọjú. Ní ìdà kejì, nígbà tí wọ́n mú kí miR-17-92, ìdìpọ̀ microRNA kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tẹ PTEN àti Bim (pùròtéènì tó ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró tàbí tó ń pa á) mọ́lẹ̀, pọ̀ jù nínú lymphocyte (irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan tó ń ṣọ́ ara) eku, lymphocyte tó yẹ kó kú kò kú mọ́, wọ́n pọ̀ lápọ̀jù, wọ́n sì kọjú ìjà sí ara eku fúnra rẹ̀. Ìdìpọ̀ microRNA yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn ní 2005 pé ó ń mú kí lymphoma (jẹjẹrẹ lymphocyte) yára dé bá eku. Ti miR-155 náà kò yàtọ̀: tó bá pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì B (irú lymphocyte kan), jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni, eku tí kò ní in rárá kò lè dáàbò bo ara rẹ̀ dáadáa.

Àwọn tó ń ta kíìtì máa ń ka gbogbo èyí, òótọ́ sì ni. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni ìparí èrò. Wọ́n ní nígbà tí microRNA kan ti ṣe pàtàkì fún àrùn méjèèjì, ó yẹ kó fi jẹjẹrẹ hàn lára ẹni tó ní autoimmune. Òdìkejì ló rí. Ẹni tí iṣan ara rẹ̀ ń wú nítorí dermatomyositis, miR-155 àti miR-21 rẹ̀ lè ga láìsí jẹjẹrẹ kankan. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ nìkan, wọ́n lè ga bákan náà. Ìbéèrè dókítà kì í ṣe bóyá ara ń jà. Ó ti rí ìyẹn lójú aláìsàn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá jẹjẹrẹ wà nídìí ìjà náà. Bí kíìtì bá fi aláìsàn wé ẹni tó ní ìlera, kò tíì dá ìbéèrè yẹn lóhùn. Àwọn tó yẹ kó fi wéra ni dermatomyositis tó ní jẹjẹrẹ àti dermatomyositis tí wọ́n ti ṣọ́ fún ọdún 3 ó kéré tán tí jẹjẹrẹ kò yọ. Ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ aṣojú kí ẹ tó béèrè iye owó.

Ó tó kí a wá sọ ti ẹ̀jẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ náà la ó sì ti pẹ́ jù.

Túùbù EDTA, olómorí àlùkò, ni kí ẹ lò. Ẹ yẹra fún èyí tó ní heparin, torí ó máa ń dí PCR (ọ̀nà tí a fi ń sọ ẹ̀dà RNA díẹ̀ di púpọ̀ kí a lè kà á) lọ́wọ́, yíyọ rẹ̀ kúrò lára RNA kò sì rọrùn. Ẹ má da plásímà pọ̀ mọ́ síírọ́ọ̀mù (omi tó ń yọ lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì) nínú ìwádìí kan náà: nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dì, pílétílẹ́ẹ̀tì á tú microRNA tiwọn jáde, iye tó wà nínú síírọ́ọ̀mù á sì yàtọ̀ sí ti plásímà ẹni kan náà. Abẹ́rẹ́ 21G ló dára. Èyí tó tín ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí fífi ipá fa sírínjì, máa ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa. Okùn tí a fi di apá kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 1 lọ. Kí túùbù àkọ́kọ́ lọ fún àyẹ̀wò mìíràn nítorí sẹ́ẹ̀lì awọ tí abẹ́rẹ́ gbé wọlé, kí ìkejì jẹ́ ti microRNA. Ẹ rọra yí i sókè sódò ní ìgbà 8, ẹ má gbọ̀n ọ́n.

Láàárín wákàtí 2, ó yẹ kó ti wọ sẹ́ńtífúúgì, ẹ̀rọ tó ń yí túùbù kíákíá. Yíyí àkọ́kọ́ jẹ́ 1,500 g fún ìṣẹ́jú 10 (g níbí ni ìlọ́po agbára òòfà ilẹ̀, kì í ṣe gíráàmù). Ẹ fa plásímà òkè, ẹ sì fi bíi ìdajì sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lórí ìpele sẹ́ẹ̀lì funfun. Plásímà díẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn kò ṣòfò, nítorí ẹni tó bá ń wá gbogbo rẹ̀ fà, sẹ́ẹ̀lì funfun ló ń fà mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé plásímà yẹn sínú túùbù tuntun, ẹ tún yí i ní 16,000 g fún ìṣẹ́jú 10, ẹ sì fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Yíyí kejì yìí ni ọ̀pọ̀ láàbù ń fò. Bí ẹ bá fò ó, pílétílẹ́ẹ̀tì ṣì wà nínú plásímà, nígbà tó bá sì dì nínú fírísà tó tún yọ́, wọ́n á bẹ́, miR-223 inú wọn á dà jáde, ẹ ó sì máa rò pé àrùn lẹ rí.

Òǹkà g la kọ, a ò kọ ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, ìdí sì wà. Bí apá sẹ́ńtífúúgì láti àárín dé ìdí túùbù bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, 1,500 g jẹ́ bíi ìyípo 3,660. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, bíi 2,990 ni. Láàbù méjì tí wọ́n jọ ń lo “3,000” lórí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò ṣe ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ ni a ń rí i tí wọ́n ń da àbájáde wọn pọ̀. Ẹ fi rúlà wọn apá ẹ̀rọ yín, kí ẹ kọ iye rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ náà.

Fífọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa ni ọ̀tá tó burú jù. Ìwádìí kan ní 2012 fi hàn pé ó lè yí iye àwọn microRNA kan nínú plásímà padà títí dé ìlọ́po 50. miR-451a àti miR-16 ló kún inú sẹ́ẹ̀lì pupa jù. Ojú kì í tètè rí i. Plásímà lè dà bíi wúrà kó sì ti bàjẹ́. Ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà ní 414 nm: bó bá ju 0.2 lọ, ẹ yà á sọ́tọ̀. Lẹ́yìn PCR, ẹ mú Ct miR-23a-3p (Ct ni iye ìyípo PCR kí microRNA tó hàn; bó ṣe kéré tó ni microRNA ṣe pọ̀ tó), ẹ yọ Ct miR-451a kúrò lára rẹ̀. Ìdáhùn tí kò tó 5 dára. Láti 5 sí 7, ẹ fura. Bó bá kọjá 7, ẹ má lò ó. Kí ẹ rántí pé ìyàtọ̀ Ct 1 jẹ́ ìlọ́po 2, Ct 3 sì jẹ́ ìlọ́po 8.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ wa gan-an, kò sì sí nínú ìwé àlàyé kíìtì kankan tí a tíì rí. Ní Nàìjíríà, bíi 2 sí 3 nínú 100 ọmọ tí a ń bí ló ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde, sẹ́ẹ̀lì pupa wọn sì ń fọ́ nínú ara lójoojúmọ́. Ibà náà ń fọ́ ọ. Ẹni tí G6PD (ẹ́ńsáìmù tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa) rẹ̀ kò tó, tó wá lo oògùn tí kò bá a lára mu, tirẹ̀ ń fọ́. Ní ti irú àwọn wọ̀nyí, bí nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ bá mọṣẹ́ tó bí ẹnikẹ́ni láyé, miR-451a àti miR-16 wọn yóò ga. Ẹ ṣe àyẹ̀wò genotype àti ti ibà fún gbogbo ẹni tó bá wọ ìwádìí, àti aláìsàn àti ẹni tí ẹ fi wé e. Bí ẹ ò bá ṣe é, tí àwọn SS bá bọ́ sí apá kan ju ìkejì lọ, genotype lẹ wọ̀n, kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, náà wà níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni kò ní pùròtéènì Duffy lórí sẹ́ẹ̀lì pupa, ìyẹn sì ń mú kí neutrophil inú ẹ̀jẹ̀ wa kéré sí ti àwọn òyìnbó láìsí àrùn kankan. Bẹ́ẹ̀ iye miR-223 nínú plásímà ń bá iye neutrophil rìn, ti miR-150 sì ń bá iye lymphocyte rìn. Ààlà “ó ga” tàbí “ó kéré” tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ará Yúróòpù tàbí ti ará Ṣáínà pa kò ṣeé gbé wá síbí bó ṣe wà. Ọ̀nà àbáyọ kò wọ́n: ẹ ka iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀jẹ̀ tí ẹ gbà ní wákàtí kan náà, kí ẹ fi iye neutrophil, lymphocyte àti pílétílẹ́ẹ̀tì sínú ìṣirò.

Prednisolone, oògùn sìtẹ́rọ́ọ̀dù tó ń pa ìjà inú ara rọ̀, tún wà. Dókítà tó rí dermatomyositis kì í dúró. Ó lè fún aláìsàn ní mílígíráàmù 1 fún kílò kan lọ́jọ́ kan, ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sìtẹ́rọ́ọ̀dù ń gbé neutrophil sókè, ó sì ń lé lymphocyte kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ ìwádìí kí oògùn àkọ́kọ́ tó wọlé. Bó bá ti wọlé, ẹ kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìṣirò.

CLL tó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa fi gbogbo ìdààmú yìí hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2002 ni ẹgbẹ́ Carlo Croce fi hàn pé miR-15a àti miR-16-1 wà ní ibi tó máa ń já kúrò lára kúrómósómù 13 nínú CLL. Nítorí náà miR-16 máa ń dínkù nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọ̀pọ̀ aláìsàn. Ní ọjọ́ tí ara bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa sẹ́ẹ̀lì pupa, miR-16 inú wọn á dà sínú plásímà rẹpẹtẹ. Ẹni tó bá ka plásímà nìkan á ní miR-16 aláìsàn yìí pọ̀; ẹni tó bá ya sẹ́ẹ̀lì B sọ́tọ̀ tó kà á á ní ó kéré. Àwọn méjèèjì ò parọ́. Ohun tó tọ́ láti ṣe fún aláìsàn yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni àyẹ̀wò Coombs (tó ń wá ántíbọ́dì lára sẹ́ẹ̀lì pupa), kíka retikulosáìtì (sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun), àti bilirubin (ohun tó ń pọ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa bá ń fọ́), kì í ṣe microRNA.

Láti inú plásímà lọ sí PCR, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kù. Ẹ fi 200 µL ṣiṣẹ́, kí iye náà má sì yí padà láti ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ẹ da omi tó ń pa agbára ẹ́ńsáìmù sínú plásímà ná, kí ẹ tó fi cel-miR-39 ti aràn C. elegans, tí a fi ń mọ bí iṣẹ́ ṣe lọ, kún un; bí ẹ bá kọ́kọ́ fi sínú plásímà lásán, RNase (ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ RNA) á jẹ ẹ́ tán ní kíá. NanoDrop, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn RNA, ò wúlò níbí, RNA inú plásímà kéré ju ohun tó lè wọ̀n lọ. Ẹ má fi U6, RNA kékeré mìíràn, ṣe òṣùwọ̀n àfiwé. Kì í ṣe microRNA, kì í sì í dúró lójú kan nínú plásímà. Ẹ má fi miR-16 ṣe é náà, ẹ ti mọ ìdí. Ẹ wá microRNA méjì tàbí mẹ́ta tí kò yí padà láàárín àwọn aláìsàn tiyín gan-an, kí ẹ fi àpapọ̀ wọn ṣe é. Bí Ct bá kọjá 35, ariwo lásán ni.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń da ọkàn láàmú nípa iná mànàmáná àti fírísà -80°C. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ nígbà tí microRNA bá ti wà nínú plásímà tí kò ní sẹ́ẹ̀lì mọ́, Argonaute 2 ń dáàbò bo púpọ̀ nínú rẹ̀, ó lè fara da wákàtí díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a kò tíì yí, tó jókòó sórí tábìlì láti àárọ̀ di ọ̀sán, ni ìparun wà. Ẹni tó ń ra jẹnẹrétọ̀ fún fírísà, tí kò sì ní ẹni tí yóò yí ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí 2, ó ń fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ pín plásímà sí túùbù kéékèèké kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

A fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ṣe ìṣirò kan pẹ̀lú wa. Ká ní aláìsàn dermatomyositis 100 ló wọlé, tí 20 nínú wọn sì ní jẹjẹrẹ. Ká ní kíìtì microRNA kan ń mú 80 nínú 100 tó ní jẹjẹrẹ, ó sì ń dá 80 nínú 100 tí kò ní láre. Yóò mú 16. Yóò tún fi ẹ̀sùn kan 16 mìíràn tí kò ní nǹkan kan. Nísinsìnyí, ẹ mú ántíbọ́dì anti-TIF1γ, tí ìṣirò àpapọ̀ kan ní 2012 sọ pé ó ń mú 78 nínú 100 tó ní jẹjẹrẹ, tó sì ń dá 89 nínú 100 tí kò ní láre: yóò mú nǹkan bíi 16 náà, yóò sì fẹ̀sùn kan bíi 9 péré. Àyẹ̀wò yìí ti wà. Kíìtì tuntun gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun fi nǹkan kún un. Bí ẹ bá wá gbé kíìtì náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí 5 péré nínú 100 wọn ní jẹjẹrẹ, yóò mú 4, yóò sì fẹ̀sùn kan 19. Ọmọ mélòó ni yóò lọ tọrọ owó àwòrán CT nítorí ẹ̀sùn èké?

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìwádìí tó ka microRNA 800 lára aláìsàn 20. Bí ààlà ìṣirò (p) bá jẹ́ 0.05, ìyẹn 5 nínú 100, bíi 40 yóò “yàtọ̀” láìsí ìdí kankan. Ẹ̀dà miRBase, àkójọ microRNA, tó jáde ní 2018 ka microRNA ènìyàn sí 2,654, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà pé ó jẹ́ microRNA tòótọ́. Ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìwádìí tí kò ní àwọn aláìsàn kejì, láti ilé-ìwòsàn mìíràn, tí yóò fi dán ohun tó bá rí wò.

Ti fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr ò gbà wá lákòókò. Òun ni fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí wọ́n rí microRNA lára rẹ̀, ní 2004. Ó wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa láti kékeré. Kíìtì tó bá ka microRNA rẹ̀ sí àmì jẹjẹrẹ láìwọn iye rẹ̀ lára àwọn ará ibí tí ara wọn le, ẹ dá a padà.

Ní báyìí, ohun tó yẹ kí aláìsàn rí gbà kò ṣòroó mọ̀. Ìlànà àgbáyé lórí àrùn iṣan wíwú àti jẹjẹrẹ, tó jáde ní 2023, ní kí a wo dermatomyositis fúnra rẹ̀, ántíbọ́dì anti-TIF1γ, ántíbọ́dì anti-NXP2, ọjọ́ orí tó ju 40 lọ nígbà tí àrùn bẹ̀rẹ̀, àrùn tí oògùn kò kápá, ìṣòro gbígbé oúnjẹ mì tó le, àti awọ tó ń kú. Ẹni tó bá ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú ewu gíga: CT ọrùn, àyà, ikùn àti ìbàdí, CA-125 (àmì jẹjẹrẹ ilé ẹyin nínú ẹ̀jẹ̀) àti ultrasound fún obìnrin, mammogram (àwòrán ọmú), PSA (àmì jẹjẹrẹ próstéètì nínú ẹ̀jẹ̀) fún ọkùnrin, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Lẹ́yìn náà, àyẹ̀wò ìpìlẹ̀ lọ́dọọdún fún ọdún 3. Fún myasthenia gravis, CT àyà fún gbogbo ẹni tó bá ní i. Fún Lambert-Eaton, bí CT àkọ́kọ́ bá mọ́, ẹ tún un ṣe ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà títí ọdún 2 yóò fi pé. Púpọ̀ nínú èyí wà ní ìlú ńláńlá wa. Ántíbọ́dì anti-TIF1γ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ sí, ìyẹn sì ni ibi tí owó kíìtì yẹn yẹ kó gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ tuntun wọlé. Oògùn tó ń tú ìdè sẹ́ẹ̀lì T, irú anti-PD-1, máa ń dá autoimmune sílẹ̀ lára àwọn kan. Ní 2020, àwọn onímọ̀ kan tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn aláìsàn tó ní irú CC ní rs2910164 (ibi kan nínú jíìnì miR-146a tó yàtọ̀ láti ẹnì kan sí ẹlòmíràn), tí miR-146a wọn sì kéré, ló máa ń rí èyí tó le jù nínú ìpalára náà. Ìyẹn bá ohun tí eku fi hàn mu, a sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni microRNA ti máa kọ́kọ́ wúlò fún aláìsàn. DNA ni àyẹ̀wò yìí ń kà, kò sí wàhálà plásímà, kò sí fífọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, ẹ̀ẹ̀kan péré la ń wò ó láyé ẹni. Ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ ìwádìí tí agbára wa ká, ẹ gbé owó síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé oògùn microRNA ti dé. Wọ́n fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ní MRX34, àfarawé miR-34a. Ní 2016 ni wọ́n dá ìdánwò náà dúró nítorí pé ìjà inú ara aláìsàn le kọjá ààlà, aláìsàn 4 sì kú nínú rẹ̀. Oògùn jẹjẹrẹ tó di ìjà inú ara: ìkìlọ̀ tó tó fún ẹnikẹ́ni tó ń sọ pé microRNA kì í pani lára nítorí pé “ara ló ni ín”.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ yín, kó wà ní kíkọ: ẹ ṣe fọ́ọ̀mù ojú-ìwé kan tí yóò máa bá túùbù kọ̀ọ̀kan rìn. Wákàtí tí a gbà á, wákàtí tí a yí i, òǹkà g méjèèjì, 414 nm, genotype, ibà, iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, oògùn tí aláìsàn ti lò àti ọjọ́ rẹ̀, ìgbà tí a yọ́ ọ. Kí ẹni tó kọ ọ́ fọwọ́ sí i.

Ní ti àwọn plásímà tó ti wà nínú fírísà yín láti ọjọ́ pípẹ́ wá tí kò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má dà wọ́n nù. Ántíbọ́dì inú wọn ṣì ṣeé wọ̀n, ẹ lè fi wọ́n mọ iye àwọn tó ní anti-TIF1γ láàárín àwọn aláìsàn wa. Ẹ kàn kọ ọ́ sára àpótí wọn pé wọn kì í ṣe ti microRNA.

Àwa ni tiyín nínú iṣẹ́,
Àwọn òṣìṣẹ́ láàbù àti dókítà tó ń ṣiṣẹ́ lórí microRNA